Àpò ìsùn ìkókó àti àpò ìsùn àgọ́: èwo ni kí n rà?

Ìyá Dára, Leeds

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọlọ́run fi ọmọbìnrin ta wá lọ́rẹ ní oṣù kẹsàn-án, òtútù sì ti wọlé dé báyìí. Bí mo bá fi kúbùsù bo ọmọ yìí, kì í pẹ́ tó fi ń ta á dànù. Bí mo bá tún bò ó, oorun mi ti dá nìyẹn, ẹ̀rù á máa bà mí kó má lọ fà á bo imú. Wọ́n ní kí n ra àpò ìsùn, èyí tí wọ́n ń wọ̀ fún ọmọ bí ẹ̀wù, tó ní síìpù níwájú, tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ dí. Mo dé ṣọ́ọ̀bù, mo bá 0.5 tog, mo bá 1, mo bá 2.5, mo bá 3.5. Èwo ni ti ọmọ mi níbẹ̀? Ìyá ọkọ mi tó wá bá wa tọ́jú ọmọ ní àpò nìkan ò tó, pé kí n wọ súẹ́tà sí i lábẹ́, kí n dé fìlà fún un, kí n sì fi kúbùsù lé e. Màámi ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan iṣẹ́ ilé látìgbà tí wọ́n ti dé, mi ò fẹ́ ṣe ohun tó máa dùn wọ́n.

Ọ̀rọ̀ kejì: ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ti pé ọmọ ọdún 14, ó ń bá ilé ìwé rẹ̀ ṣe Duke of Edinburgh, ètò àmì-ẹ̀yẹ fún àwọn ọ̀dọ́, ti Bronze tó jẹ́ ìpele àkọ́kọ́. Lẹ́yìn Àjíǹde ni wọ́n máa lọ sùn nínú àgọ́. Àpò ìsùn àti ẹní wà nínú ìwé ohun tí wọ́n ní kó mú wá. Mi ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ti £20 àti ti £150.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, Birmingham

Ẹ kú ewu ọmọ o, Ìyá Dára. Ọlọ́run á dá a sí, á wò ó fún yín. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ti ìkókó.

Ìdí tí àpò ìsùn fi dára ni ohun tó ń bà yín lẹ́rù yẹn gan-an: ọmọ ò lè ta á dànù, kò sì lè fà á bojú. Nọ́ńbà tog ń sọ bí aṣọ náà ṣe ń mú ooru dání tó. Bó bá ṣe ga sí i ni aṣọ ṣe ń móoru sí i. Ṣùgbọ́n ẹ má wo bí òtútù ṣe pọ̀ tó níta kẹ́ ẹ tó yàn án. Yàrá tí ọmọ ń sùn ni kẹ́ ẹ wò. Yìnyín lè bo gbogbo Leeds kí yàrá yín wà ní 22°C nítorí hítà. Ẹ ra tẹmómítà yàrá, kò wọ́n, ẹ gbé e sítòsí ibùsùn ọmọ, kó jìnnà sí hítà àti sí fèrèsé. Láàárín 16 sí 20°C ni àjọ Lullaby Trust ní kí yàrá ìkókó wà nílùú Ọba níbí. Bí yàrá yín bá wà níbẹ̀, 2.5 tog ni tiyín, pẹ̀lú aṣọ òwú alápá gígùn kan lábẹ́ àti aṣọ oorun tó bo ẹsẹ̀. Bó bá wà láàárín 21 sí 23, ẹ lo 1 tog. Tó bá ti tó 24 sókè, 0.5 ni, pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì kékeré. Ilé tó tutù ju 16 lọ ni 3.5 wà fún. Àtẹ ilé iṣẹ́ kan lè yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì, ẹ ka èyí tó wà lára páálí tiyín.

Ohun tí mo máa ń tẹnu mọ́ jù fún àwọn ìyá ni ọrùn àpò. Ẹ wọ̀ ọ́ fún ọmọ, ẹ fa síìpù rẹ̀ tán, kẹ́ ẹ wá wò ó bóyá orí rẹ̀ lè gba ọrùn àpò wọ inú lọ. Bó bá lè gbà á, àpò yẹn ti tóbi jù, ẹ dá a padà, bó ti wù kó dínwó tó. Ẹ wo ihò apá náà, kó má fẹ̀ débi tí apá ọmọ á fi máa yọ́ wọlé. A kì í ra àpò ìsùn ní títóbi nítorí pé ọmọ á ṣì dàgbà. Ìwọ̀n ara ọmọ lórí òṣùwọ̀n ni kẹ́ ẹ fi rà á, kì í ṣe oṣù tí wọ́n kọ sí i. Ọ̀pọ̀ wọn ò yẹ kí ọmọ tí kò tíì tó 4 kg wọ̀ ọ́. Nọ́ńbà ìlànà ààbò tó yẹ kẹ́ ẹ rí lára rẹ̀ ni BS 8510 tàbí EN 16781.

Bí ọmọ bá ti wà nínú àpò, kò sí kúbùsù lórí rẹ̀ mọ́, kò sí dùùfẹ́, kò sí fìlà nínú ilé. Orí ni ìkókó fi ń lé ooru tó pọ̀ jù jáde. Ẹ̀yìn ni kẹ́ ẹ fi tẹ́ ẹ, lórí fóòmù tó le dáadáa, nínú yàrá tẹ́ ẹ̀yin náà ń sùn, ó kéré tán títí á fi pé oṣù mẹ́fà.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Gbogbo ohun tí Nọ́ọ̀sì sọ ni mo fọwọ́ sí. Ẹ jẹ́ kí n fi ti ojoojúmọ́ kún un.

Ẹ wá èyí tí síìpù rẹ̀ ń ṣí láti ìsàlẹ̀. Lóru, tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ ìlédìí, ẹsẹ̀ nìkan lẹ máa tú, àyà ọmọ á ṣì gbóná, á tún sùn padà kíákíá. Èyí tí wọ́n fi bọ́tìnnì léjìká sí rọrùn fún ọmọ tó ti sùn lọ́wọ́ yín: ẹ ṣí i kalẹ̀ sórí ibùsùn, ẹ tẹ́ ọmọ lé e, ẹ dì í. Méjì ni kẹ́ ẹ ní, ó kéré tán, torí ọmọ á bì, ìtọ̀ á sì jò, aago mẹ́ta òru kọ́ ló yẹ kéèyàn máa gbẹ aṣọ.

Àlòkù dáa. Àwọn ìyá ń tà á ní ẹ̀dínwó gan-an nítorí ọmọ kì í pẹ́ dàgbà kọjá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fọwọ́ tọ síìpù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ẹ wò ó bóyá ibì kan ti ya tí òwú inú rẹ̀ fi ń yọ, kẹ́ ẹ sì rí i pé àlẹ̀mọ́ tí wọ́n kọ tog sí ṣì wà níbẹ̀. Èyí tí àlẹ̀mọ́ rẹ̀ ti já, mi ò ní rà á, torí kò sí béèyàn ṣe lè mọ iye tog rẹ̀.

Ẹ má sì gbé ọmọ pẹ̀lú àpò tó nípọn sínú àga ọmọ inú mọ́tò. Bẹ́líìtì á dà bíi pé ó mú un, ṣùgbọ́n aṣọ ló mú. Ẹ bọ́ ọ, ẹ so bẹ́líìtì mọ́ ọn lára, kẹ́ ẹ wá fi aṣọ bò ó ní ẹsẹ̀ sókè.

Màmá Bódìjà

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo kí yín o. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ, ó yé mi, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n gba ẹnu ìyá ọkọ sọ̀rọ̀. Àwa la tọ́ yín. Ní ìgbà ọyẹ́ a máa ń wé ọmọ dáadáa, a ń dé fìlà fún un, a ń wọ ìbọ̀sẹ̀ fún un, torí òtútù àyà ò mọ ọmọ olówó. Bí mo bá fọwọ́ kan ẹsẹ̀ ọmọ tó tutù, ṣé kí n máa wò ó? Kẹ́ ẹ má kàn wò wá bí ẹni tí kò mọ nǹkan.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, Birmingham

Màámi, ẹ ṣé gan-an, mo dọ̀bálẹ̀… ẹ má bínú, mo kúnlẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè sọ pé ẹ ò mọ nǹkan. Ọwọ́ ìyá ló yẹ kó wà lára ọmọ, ibi tó yẹ kó fọwọ́ kàn ni mo fẹ́ ká jọ sọ.

Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ìkókó máa ń tutù, kódà kí ara rẹ̀ gbóná tó bó ṣe yẹ. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ ki ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ẹ̀yìn ìka kan àyà, tàbí kẹ́ ẹ fi kan ẹ̀yìn ọrùn. Bó bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, tó sì gbẹ, ara ọmọ dá. Bó bá lóògùn, bí ibẹ̀ bá gbóná jáì, ẹ bọ́ aṣọ kan kúrò, kódà bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tutù. Bí àyà fúnra rẹ̀ bá tutù, nígbà náà lẹ fi ẹ̀wù fẹ́lẹ́ kan kún un.

Ìdí tá a fi ń pariwo ooru ni pé ooru tó pọ̀ jù wà lára ohun tó ń mú kí ewu ikú òjijì lójú oorun pọ̀ sí i fún ìkókó. Ní 1991, ọmọ Anne Diamond, ẹni tó ń ṣe ètò lórí tẹlifíṣọ̀n nílùú Ọba, kú lójú oorun. Ó rí i pé wọ́n ti ń kìlọ̀ fún àwọn ìyá ní New Zealand pé kí wọ́n máa fi ẹ̀yìn tẹ́ ọmọ, kí wọ́n má sì jẹ́ kí ooru mú un jù. Ó pariwo rẹ̀ títí ìjọba fi gbé ìkìlọ̀ Back to Sleep jáde lọ́dún yẹn kan náà, Amẹ́ríkà sì ṣe tiwọn ní 1994. Láàárín ọdún díẹ̀, iye ọmọ tó ń kú bẹ́ẹ̀ nílùú Ọba já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Àwọn ìyá tó wà ṣáájú ìgbà yẹn ò ṣe ohun tí kò dáa, ohun tí dókítà sọ fún wọn nígbà yẹn ni wọ́n ṣe.

Ìyá Dára, mo bẹ̀ yín, ẹ pe ìyá ọkọ yín sítòsí, kẹ́ ẹ jọ wo tẹmómítà, kí wọ́n fọwọ́ ara wọn kan àyà ọmọ láàárọ̀. Ẹ fi iṣẹ́ yẹn lé wọn lọ́wọ́.

Màmá Bódìjà

Ó yé mi wàyí. Àyà àti ẹ̀yìn ọrùn. Ọlọ́run á bù kún yín, Nọ́ọ̀sì. Ṣùgbọ́n ọ̀sán, màá ṣì pọ̀n ọ́n.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, Birmingham

Ẹ pọ̀n ọ́n dáadáa, Màámi, tí ọrùn rẹ̀ bá ti le, kẹ́ ẹ má jẹ́ kí ọ̀já bo imú rẹ̀. Ooru ara yín náà ń wọlé sí i lára, nítorí náà ẹ bọ́ súẹ́tà rẹ̀ kẹ́ ẹ tó pọ̀n ọ́n nínú ilé.

Agunkè, Sheffield

Ìyá Dára, ẹ jẹ́ kí n gba ti ọmọkùnrin yẹn sọ, torí òkè Peak District ni mo máa ń lọ, àwọn ọmọ Duke of Edinburgh kì í wọ́n níbẹ̀, mo sì ti rí àwọn tí òtútù fìyà jẹ gan-an.

Kẹ́ ẹ tó náwó, ẹ bi ilé ìwé léèrè bóyá wọ́n ní èyí tí wọ́n ń yá ọmọ. Ọ̀sán méjì àti òru kan ni Bronze. Bí kò bá ní tẹ̀ síwájú sí Silver àti Gold, kò sídìí tẹ́ ẹ fi máa fi £150 ra nǹkan.

Bó bá di dandan kẹ́ ẹ rà á, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ ìwọ̀n òtútù sí lára àpò. Èyí tí wọ́n bá fi ìlànà ISO 23537 dán wò máa ń ní nọ́ńbà mẹ́ta. EN 13537 lẹ máa rí lára àwọn tó ti pẹ́. Ère ènìyàn kan tí iná ń mú gbóná ni wọ́n ń tẹ́ sínú àpò lórí ẹní, nínú yàrá tútù, tí wọ́n á sì wọn bí ooru ṣe ń sá kúrò lára rẹ̀. Ibi tí wọ́n kọ Comfort sí, ìyẹn ni òtútù tí obìnrin lè sùn mọ́jú nínú rẹ̀ lójú wọ̀ọ̀. Ibi tí wọ́n kọ Limit sí, ti ọkùnrin tó ká jọ ni, tí òtútù ò sì jí i. Extreme kì í ṣe nọ́ńbà oorun rárá o! Ohun tó ń sọ ni pé obìnrin lè fi wákàtí mẹ́fà wà níbẹ̀ kí òtútù má pa á, bẹ́ẹ̀ òtútù sì lè ba ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ jẹ́. Àwọn olùtà kan máa ń kọ èyí tó bá kéré jù gàdàgbà síwájú àpò. Comfort ni kẹ́ ẹ fi rà á. Fún oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún lórí òkè níbí, ẹ wá èyí tí Comfort rẹ̀ wà láàárín 0 sí 5°C, torí òru oṣù karùn-ún ṣì lè mú yìnyín dání lórí koríko. Èyí tí wọ́n ń pè ní three-season, ìyẹn ti ìgbà mẹ́ta nínú ọdún láìka ìgbà òtútù, sábà máa ń wà níbẹ̀.

Inú rẹ̀ ńkọ́? Ìyẹ́ pẹ́pẹ́yẹ àti ti gúúsì fúyẹ́, ó ń móoru ju gbogbo wọn lọ, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án, ó máa ń so pọ̀, ooru á sì tán níbẹ̀. Èyí tí wọ́n fi fọ́nrán oníkẹ́míkà ṣe wúwo díẹ̀, kò wọ́n, bó bá rin pàápàá ó ṣì ń gbìyànjú. Fún ọmọ ọdún 14 nínú òjò England, èyí ni mo máa rà. Kó di í sínú ọ̀rá tó nípọn kó tó kì í sínú báàgì ẹ̀yìn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fojú kéré ẹní. Ohun tó ń mú wa gbóná nínú àpò ni afẹ́fẹ́ tó há sáàárín ìyẹ́ tàbí fọ́nrán yẹn. Bí èèyàn bá sùn lé e, ara rẹ̀ á tẹ abẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ, afẹ́fẹ́ á jáde, ilẹ̀ á wá máa fa ooru lára rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Àpò £150 lórí ilẹ̀ lásán á jẹ́ kó gbọ̀n mọ́jú. Ẹní fóòmù tí wọ́n ń ká, tí kì í gba omi, tó fún un. Nọ́ńbà R ni wọ́n fi ń díwọ̀n bí ẹní ṣe ń dènà òtútù ilẹ̀ tó: bí 2 tó fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, 3 sí 4 ló dáa fún àkókò tí òru ṣì tutù. Bó bá tẹ́ méjì lé ara wọn, R wọn á ròpọ̀.

Ẹ sọ fún un kó jẹun yó kó tó sùn, kó tọ̀ kó tó wọlé, kó bọ́ gbogbo aṣọ tó fi rìn kó sì wọ èyí tó gbẹ. Kó má bo imú mọ́ inú àpò, èémí á jẹ́ kó rin. Fìlà tí Nọ́ọ̀sì ní kẹ́ ẹ má dé fún ìkókó, ẹ dì í sínú ẹrù ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

Kọ́pà Àná, Jos

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tá a wà nílé náà. Ẹni tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí Plateau fún NYSC, Mangu ni ibùdó wà. Ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó ló máa ń kó síńgílẹ́ẹ̀tì lọ síbẹ̀ nígbà ọyẹ́. Oòrùn á mú lọ́sàn-án, lóru òtútù á wọ egungun. Lágbègbè Jos, ó lè sún mọ́ 10°C ní oṣù kejìlá àti oṣù kìíní. Àpò ìsùn ò pọn dandan. Ẹ lọ wá kúbùsù tó nípọn àti jákẹ́ẹ̀tì lọ́dọ̀ àwọn olókìrìkà, kẹ́ ẹ sì tẹ́ aṣọ kan sórí fóòmù tínrín tí wọ́n bá fún yín, torí òtútù ń ti abẹ́ bẹ́ẹ̀dì onírin wọlé, gẹ́gẹ́ bí Agunkè ṣe sọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń gbé níbí, ẹ má gbé ìkòkò èédú sínú yàrá kẹ́ ẹ wá ti fèrèsé. Èéfín tó ń pa èèyàn nínú rẹ̀ ò ní òórùn, oorun ló máa ń kó èèyàn lọ.

Ìyá Ṣúlè, Ìkòròdú

Ṣé ó yẹ kí àwa tá a wà ní ìtòsí Èkó ra àpò ìkókó yìí? Wọ́n ti ń tà á lórí Instagram, ó sì wuyì lójú.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, Birmingham

Àbúrò mi, ẹ fi owó yẹn ra nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn tó dáa. Yàrá tó wà ní 28 tàbí 30°C, ìlédìí àti síńgílẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́ ti tó ọmọ. Àfi bẹ́ ẹ bá ń tan A.C. mọ́jú tí yàrá fi ń tutù gan-an. Nígbà náà, 0.5 tàbí 1 tog, kí afẹ́fẹ́ A.C. má sì kọjú sí ọmọ tààrà.

Bàbá Tèmídayọ̀, Houston

Ìkìlọ̀ kan láti Amẹ́ríkà: wọ́n ń ta àpò ìkókó tí wọ́n di nǹkan wíwúwo sí láyà, pé ó ń jẹ́ kí ọmọ sùn pẹ́. Nínú ìlànà tí ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé, American Academy of Pediatrics, gbé jáde ní 2022, wọ́n ní ká má lo ohunkóhun tó wúwo bẹ́ẹ̀ fún ìkókó. Èyí tó sì ń di apá ọmọ mọ́ra, ẹ dáwọ́ rẹ̀ dúró níwọ̀n ìgbà tó bá ti ń gbìyànjú láti yí ara. Ọmọ tó dojú bolẹ̀ nílò apá rẹ̀ méjèèjì. Apá gbọ́dọ̀ wà níta àpò.

Èmi náà ní ìbéèrè. Ìyá mi ń bọ̀ wá kí wa, òtútù sì ń mú wọn gan-an. Kúbùsù alápá tí àwọn àgbà ń wọ̀ nínú ilé ńkọ́? Mo tún rí àpò ìsùn tó ní apá àti ẹsẹ̀ bíi ẹ̀wù àwọn mẹkáníìkì.

Agunkè, Sheffield

Kúbùsù alápá dára fún ìyá yín lórí àga. Ẹ ra èyí tó mọ ní ọrùn ẹsẹ̀, kó má gbé wọn ṣubú lórí àtẹ̀gùn, kí wọ́n sì bọ́ ọ tí wọ́n bá ń dáná, torí apá rẹ̀ fẹ̀, ó sì ń tètè gbiná. Ti oní-apá-àti-ẹsẹ̀ yẹn, ó dùn ún jókòó nídìí iná ní àgọ́, èèyàn lè rìn nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wúwo, ó sì ń gba àyè, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ méjì tó wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ kì í móoru tó èyí tó wà pọ̀. Mi ò ní fún ọmọ tó fẹ́ gbé ẹrù gun òkè.

Ìyá Ìbejì, Peckham

Tá a bá fẹ́ gbé ọmọ kékeré lọ sínú àgọ́ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ńkọ́? Ẹgbẹ́ wa ní ṣọ́ọ̀ṣì ń pète rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àbẹ̀kẹ́, Birmingham

Ó ṣe é ṣe, pẹ̀lú ìṣọ́ra. Ẹ má gbé e sínú àpò ìsùn àgbàlagbà, ẹ má sì jẹ́ kó sùn pẹ̀lú yín nínú tiyín. Aṣọ yẹn jìn, orí rẹ̀ lè rì sínú rẹ̀. Ibùsùn ìrìn-àjò tirẹ̀ ni, kó tẹ́jú, kẹ́ ẹ fi ẹní sábẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé àpò ìkókó méjì dání, 1 àti 2.5 tog, torí àgọ́ máa ń tutù gan-an ní ìdájí, tí oòrùn bá sì ti yọ, ó ń gbóná kíákíá. Ẹ gbé tẹmómítà lọ, ẹ jí fọwọ́ kan àyà rẹ̀ ní aago márùn-ún, kẹ́ ẹ tún fọwọ́ kàn án ní aago mẹ́jọ. Àdògán ẹran sísun ò gbọ́dọ̀ wọ inú àgọ́, kódà lẹ́yìn tí iná rẹ̀ bá ti kú, torí èédú ṣì ń tú èéfín olóró yẹn jáde. Ó ti pa àwọn èèyàn nínú àgọ́ ní orílẹ̀-èdè yìí.

Ìyá Dára, Leeds

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Yàrá wa wà ní 19°C lóru àná. A ti ra 2.5 tog, orí rẹ̀ ò gba ọrùn àpò. Màámi ló ń fọwọ́ kan àyà rẹ̀ báyìí, wọ́n sì ti bọ́ fìlà fúnra wọn. Ilé ìwé ní àwọn ní àgọ́, wọn ò ní àpò, nítorí náà a máa ra ti oníkẹ́míkà tí Comfort rẹ̀ jẹ́ 3°C. Bó bá dé láti òkè, ṣé ẹ̀rọ ìfọṣọ ló máa wọ̀?

Agunkè, Sheffield

Ẹ kọ́kọ́ ka àlẹ̀mọ́ rẹ̀. Ti oníkẹ́míkà sábà máa ń gba ẹ̀rọ: ẹ fa síìpù rẹ̀ tán, 30°C, ọṣẹ díẹ̀, ẹ má lo ohun tí ń mú aṣọ rọ̀. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, kò sí ohun tó ń ba àpò ìsùn jẹ́ tó kéèyàn ká a pa mọ́ ní tútù. Ẹ má sì fi í sínú ọ̀rá kékeré tó bá wá láti ṣọ́ọ̀bù títí di ọdún tó ń bọ̀, fọ́nrán inú rẹ̀ á tẹ̀ pẹlẹbẹ, kò sì ní wú mọ́. Ẹ gbé e kọ́ sínú kọ́bọ́ọ̀dù, tàbí kẹ́ ẹ dà á sínú àpò ìrọ̀rí ńlá kan.